Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ òfin ní Àjàṣẹ́: ká dá tiwa sílẹ̀ ni, àbí ká wọ èyí tó ti wà?

ỌmọÀkàbà · Ọjọ́ Àìkú, 7:42 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni mò ń gbé, lẹ́bàá ọjà Wàndó. Òfin ìṣòwò ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni méjì. Vacataire ni mí, wákàtí ni wọ́n ń kà sanwó fún mi. Kàlàfí ni mo ti ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé mi, ó ku díẹ̀ kí n ṣe soutenance, ìyẹn kí n gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń kọ́ni ní òfin láàárín Àjàṣẹ́, Sàkẹ́tẹ́ àti Pòbẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti jọ ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí WhatsApp: ẹni tó ń wá ìdájọ́ kan, ẹni tó fẹ́ ká bá òun ka àpilẹ̀kọ òun. Ẹnì kan wá ní ká sọ ọ́ di ẹgbẹ́ gidi, tó ní ìwé òfin, orúkọ àti àkáǹtì ní báńkì. Gbogbo wa gbà.

A ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní Sátidé tó kọjá. Wákàtí mẹ́ta gbáko! Wákàtí kan àtààbọ̀ lọ lórí ẹni tí yóò jẹ ààrẹ. Ogójì ìṣẹ́jú lọ lórí àǹkárá tí a máa dá. Ìyókù lọ lórí owó ìwọlé: 25,000 sẹ́ẹ́fà ni wọ́n dá lábàá, kí ti oṣooṣù tó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹgbẹ́ náà máa ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká túká, ẹ̀gbọ́n wa kan dìde, ó ní òun ò rí ìwúlò rẹ̀. Ó ní sẹ́ńdíkà (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́) wà ní yunifásítì, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin ńláńlá sì wà lókè òkun, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹgbẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni WhatsApp wa ti dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni ẹgbẹ́ olùkọ́ òfin ń ṣe gan-an? Ṣé ká dá tiwa sílẹ̀, àbí ká lọ wọ tàwọn ẹlòmíì?

Olóyè_Wàndó · 7:55 alẹ́

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ dá àǹkárá náà. Ẹgbẹ́ tí kò láṣọ, ta ni yóò mọ̀ pé ó wà?

ÌyáÌbejì_Pòbẹ́ · 8:03 alẹ́

Olóyè, ẹ fi òwe sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Aṣọ yẹn gan-an ló pa tiwa. Ọdún kejì, àwọn tí kò rówó aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpàdé nítorí ìtìjú, àwọn yẹn ló sì ń ṣiṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́.

BàbáOkoKajú · 9:20 alẹ́

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo wà báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, igi kajú ni mò ń tọ́jú, kajú kì í sì í jà lórí ẹni tó máa jẹ ààrẹ. Òfin ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹgbẹ́ fi wúlò fún olùkọ́ òfin ní ilẹ̀ tiwa yìí ju bó ṣe wúlò fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ mìíràn.

Ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ èdè, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kó jọ, yóò fi ránṣẹ́ sí CAMES ní Wagadúgù, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Àwọn ìgbìmọ̀ yóò kà á, bó bá dára, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó yẹ fún ìgbéga. Ọdún 1968 ni wọ́n ti dá CAMES sílẹ̀, ètò náà sì ti mọ́ gbogbo wa lára. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ òfin, bí a bá ti di maître-assistant (ipò olùkọ́ tí kò tíì dé ti ọ̀jọ̀gbọ́n) tí a fẹ́ gòkè sí i, agrégation, ìdánwò ìdíje fún ìgbéga, ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń ṣe é. Ìwé nìkan kò sì tó níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo máa jókòó síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á tú iṣẹ́ rẹ palẹ̀ lójú rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fún ọ ní orí-ọ̀rọ̀, wàá lọ múra, wàá padà wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ kíláàsì rẹ ni wọ́n, aago á sì máa lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo já. Kì í ṣe pé n kò mọ òfin. Mi ò tíì sọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sókè sétí ẹnikẹ́ni rí àyàfi ìyàwó mi, ìyàwó mi sì fẹ́ràn mi jù. Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń tò ó: apá méjì, apá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka méjì. Ká fún àwa olùkọ́ òfin ní àmàlà, apá méjì la máa kọ́kọ́ pín in sí. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ nínú apá kìíní, adùn rẹ̀ gbé mi lọ, mi ò tíì dé àárín apá kejì tí wọ́n fi ní kí n dákẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi márùn-ún. Alaalẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wá sí pálọ̀ mi. Wọ́n á fún mi ní orí-ọ̀rọ̀, màá lọ sí yàrá kejì lọ múra, màá padà wá sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣọ́ aago, bí àkókò bá pé ó máa fi ṣíbí lu tábìlì, ibi yòówù kí n dé nínú ọ̀rọ̀. Mo kórìíra ṣíbí yẹn dé góńgó. Ìgbà kejì tí mo lọ, mo yege.

Àwa mẹ́fà yẹn kò ní orúkọ, a kò ní ààrẹ, a kò ní àkáǹtì. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ni wá. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

ẸyẹTóRèkọjáÒkun · 10:11 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lèmi náà, Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé lórí òfin. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká lọ wọ ẹgbẹ́ òkè òkun kò ṣì sọ pátápátá, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wọ̀.

Èyí tó lórúkọ jù níbí ni Society of Legal Scholars. 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí SLS.

Ohun tí wọ́n ń ṣe: àpérò ńlá lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September. Wọ́n pín in sí ẹ̀ka ẹ̀ka, àwọn onímọ̀ òfin àdéhùn níhìn-ín, àwọn tòfin ẹbí lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ dìde síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń ka ìwé wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní jọ́nà tiwọn, Legal Studies. Wọ́n ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ nínú ìwádìí, wọ́n sì ń fún ìwé tó bá ta yọ ní ẹ̀bùn Peter Birks. Bí ìjọba bá fẹ́ yí ètò ẹ̀kọ́ òfin padà, wọ́n máa ń kọ èrò wọn ránṣẹ́.

Èmi jàǹfààní níbẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa ti Àjàṣẹ́ sanwó fún un nígbà tí kò lè rí físà lọ sí àpérò, mi ò rò pé ó bọ́gbọ́n mu.

Olóyè_Wàndó · 10:19 alẹ́

Ṣé ẹ rí i? Sẹ́ńdíkà àwọn Òyìnbó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, tiwa kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń kú lọ.

ỌmọIfẹ̀_KétuNilé · 10:34 alẹ́

Olóyè, kì í ṣe sẹ́ńdíkà. Sẹ́ńdíkà àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́hùn-ún ni UCU, ìyẹn ló ń jà fún owó oṣù, tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ti ìmọ̀ ni SLS. Ènìyàn lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àti ìwọ, àbúrò tó wà lókè òkun, nǹkan kékeré kan: 1908 tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe SLS ni wọ́n ń jẹ́ nígbà náà. Society of Public Teachers of Law ni orúkọ wọn títí di 2002. Jọ́nà wọn náà, 1981 ló di Legal Studies, èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ti ń jáde láti 1924.

Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé orúkọ àtijọ́ yẹn ní ìtàn nínú. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ni nígbà yẹn. Àwọn tó ń kọ́ni lófin ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wò ó títí, nígbà tó di 1965 wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, Association of Law Teachers, ó sì wà dòní. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ ronú sí i dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ sínú ìwé òfin yín pé “olùkọ́ yunifásítì ìjọba nìkan” tàbí “ẹni tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé nìkan.” Àwa ọmọ Kétu mọ iṣẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa: ogun ló ń dá dúró níta. Ẹ̀yin ò sì bá ẹnikẹ́ni jagun.

ẸyẹTóRèkọjáÒkun · 10:40 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni, mo fi orúkọ tuntun pe nǹkan àtijọ́.

ỌmọIfẹ̀_KétuNilé · 10:58 alẹ́

Kò tọ́pẹ́. Kí n kúkú sọ ti Nàìjíríà náà, torí ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin wọn ni NALT. Àpérò ọdọọdún ni òpó ẹgbẹ́ náà: yunifásítì kan á gbà wọ́n lálejò lọ́dún yìí, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí ìlú tó ni ẹgbẹ́. Bẹ́ ẹ bá so tiyín mọ́ Àjàṣẹ́ nìkan, ẹni tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ á wá lẹ́ẹ̀kan, á wá lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kẹta á wo owó takisí, á padà sùn.

Mo tún rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ máa pe àwọn olùkọ́ láti òdìkejì. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìdìrókò kò jìnnà rárá, Kétu sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan Ìmẹ̀kọ. Òfin wọn yàtọ̀ sí tiwa, Nàìjíríà kò sí nínú OHADA (àjọ tó ń ṣe òfin ìṣòwò kan náà fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa), àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kan náà ló ń kó ẹrù kọjá lọ kọjá bọ̀, tí ìjà bá sì dé, àwa àti àwọn la jọ máa tú u.

ÌyáÌbejì_Pòbẹ́ · 11:05 alẹ́

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn ní tèmi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dúró ná. Ìpàdé ènìyàn mẹ́sàn-án ti di ìjà, ẹ tún ń pe àlejò láti Nàìjíríà.

Olóyè_Wàndó · Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Ẹ tiẹ̀ ń wá ọ̀nà jíjìn. Ilé ẹjọ́ OHADA fúnra rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ lọ bá àwọn adájọ́ ibẹ̀ kí wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀ fún yín.

Akọ̀wéKótópó · 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, Olóyè. Ilé ẹjọ́ OHADA wà ní Abidjan. ERSUMA ló wà ní Àjàṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí OHADA ti ń dá àwọn adájọ́, agbẹjọ́rò àti notaire lẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè 17. Sẹkiteríà àgbà wà ní Yaoundé. Port-Louis ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 17 October 1993.

Ṣùgbọ́n ẹ ti tanná sí nǹkan kan. Iṣẹ́ ERSUMA kan ìwádìí àti ìkójọ ìwé náà. Àwọn olùkọ́ òfin láti ilẹ̀ méje ń wọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀, àwa tí a lè fi zẹ́mìjàn (ọ̀kadà) dé ibẹ̀ kì í yà. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé tó pé lè kọ lẹ́tà sí wọn ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo á kọ ọ́, kò ní rí èsì.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀rọ̀ ìwé. Iṣẹ́ mi ni láti máa gba fáìlì àwọn ẹgbẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n wí tèmi. Òfin àwọn Faransé ti 1 July 1901 la fi ṣe ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló fà á tí àwọn àgbà fi ń pè é ní “ẹgbẹ́ 1901” títí dòní. Ohun tí wọ́n máa béèrè kò ṣòro: ìpàdé ìdásílẹ̀ tó ní àkọsílẹ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́, ìlànà abẹ́lé, orúkọ àwọn aṣáájú pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì wọn. Wàá kó o lọ, wọ́n á fún ọ ní ìwé pé wọ́n ti gbà á, orúkọ ẹgbẹ́ á sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ lọ sí préfecture (ọ́fíìsì ìjọba ní àgbègbè yín) lọ béèrè irú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbà lónìí. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ṣe ẹ̀dà ogún ìwé òfin aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n dá a padà nítorí pé orí tó sọ bí ẹgbẹ́ ṣe lè túká kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ òfin ni wọ́n o!

AkápòÀná · 12:48 ọ̀sán

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná, ọkàn mi ń gbóná. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan rí. N kò ní dárúkọ wọn. Àkáǹtì wà ní orúkọ ààrẹ, “fúngbà díẹ̀ ni,” wọ́n ní. Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àpérò, owó kò sí, ààrẹ ní òun yá a, òun máa dá a padà. Àwa kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní a ń rí àgbàlagbà fín. Mo fi ìwé ìṣirò mi lélẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi: ènìyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde ní báńkì, kí ààrẹ má sì sí nínú àwọn méjì náà. Tó bá jẹ́ MoMo (owó orí fóònù) lẹ máa kọ́kọ́ lò, kí akápò máa ya àwòrán iye tó kù síta fún gbogbo yín ní ìparí oṣù. Kì í ṣe “ẹ fọkàn balẹ̀.” Àwòrán.

25,000 owó ìwọlé fún ẹni tó ń gba owó wákàtí? Ẹ gbà á ní 1,000 lóṣù. Ẹni tó bá ń rówó gidi, kó fi tinútinú san jù bẹ́ẹ̀.

BàbáOkoKajú · 1:15 ọ̀sán

Akápò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dun èmi náà.

ỌmọÀkàbà · 8:37 alẹ́

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Bàbá àti ti Akápò ránṣẹ́ sínú WhatsApp wa, ẹnu ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò kọ lálẹ́ àná. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni jẹ mí lówó oṣù márùn-ún. Mẹ́fà nínú àwa mẹ́sàn-án ló wà nínú irú rẹ̀. Vacataire kò sí nínú sẹ́ńdíkà. Ṣé ẹgbẹ́ tí kò lè bá mi gba owó mi, tí yóò wá máa fún mi ní ẹ̀kọ́ lórí bí mo ṣe máa kọ àpilẹ̀kọ, ẹgbẹ́ ni?

ÌyáÌbejì_Pòbẹ́ · 8:50 alẹ́

Ìbéèrè gidi rèé. Ẹ bá wọn jà! Ẹ jọ kọ̀ láti ṣe ìdánwò fún wọn.

ỌmọIfẹ̀_KétuNilé · 9:02 alẹ́

Ẹ rọra. Bí ẹgbẹ́ oṣù kìíní bá fi ìjà owó bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ á pe ẹlòmíì wá gba wákàtí yín, àwọn mẹ́ta tó kù nínú yín tí wọ́n ní iṣẹ́ tó dúró á sì fà sẹ́yìn. Ti sẹ́ńdíkà nìyẹn. Ẹgbẹ́ ìmọ̀ kò lágbára níbẹ̀.

AkápòÀná · 9:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ tí owó oṣù bá ń wọlé. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn ka jọ́nà.

Akọ̀wéKótópó · 9:33 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì jàre. Ọ̀nà kan wà láàárín. Ohun tó ń pa vacataire kì í ṣe àìlágbára nìkan, àìníwèé ni. Ẹ̀yin olùkọ́ òfin ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ní àdéhùn, ẹ̀yin fúnra yín ń fi ẹnu gba iṣẹ́! Kí ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn àwòkọ kan tí gbogbo yín yóò máa lò: iye wákàtí, iye owó wákàtí kan, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Kẹ́ ẹ sì máa fi fóònù ya cahier de textes (ìwé tí ẹ ń kọ ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ni sí) lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, torí ìwé yẹn ló ń jẹ́rìí pé ẹ kọ́ni, ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ló sì wà. Bí ó bá sọnù, wákàtí yín bá a lọ.

Bí ènìyàn mẹ́sàn-án bá mú àdéhùn kan náà lọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á mọ̀ pé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá pariwo.

ỌmọÀkàbà · 9:41 alẹ́

Ojú tì mí, Akọ̀wé. Òfin àdéhùn gan-an ni mo kọ́ wọn ní sáà tó kọjá.

Onídùúró_Ọ̀rọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo pẹ́ débí, ẹ má bínú. Ògbufọ̀ ni mí, mi ò kàwé òfin. Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan iṣẹ́ kan tí ẹgbẹ́ yín lè ṣe tí kò sí ẹgbẹ́ Wagadúgù tàbí ti Ìlú Ọba tó máa bá yín ṣe é: ọ̀rọ̀ òfin ní èdè Yorùbá.

Ẹ wo òfin OHADA lórí ìdúró àti ìdógò, èyí tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ní 1997, tí wọ́n sì tún ṣe ní Lomé ní 2010. Ó sọ pé tí ẹni tó ń ṣe onídùúró fún gbèsè kò bá mọ̀wé kọ, ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn ẹlẹ́rìí náà sì jẹ́rìí sí i pé wọ́n ti la ohun tó ń fọwọ́ sí àti ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ yé e. Èdè wo ni wọ́n máa fi là á yé ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Kétu? Mo ti jókòó níbi tí ẹlẹ́rìí ti sọ pé, “Màmá, ẹ kàn fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ ni.” Bẹ́ẹ̀ ilé ìyá yẹn ló ń lọ.

Ìdógò náà ńkọ́? Ohun tí mo bá fi dógò, ọwọ́ ẹni tó yá mi lówó ló ń wà, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin yẹn, ènìyàn lè fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe gage kó sì máa wà á lọ. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ìdógò” lásán, ẹni tó ń gbọ́ mi á rò pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun, kò sí nǹkan kan lọ́rùn òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè méjèèjì ló yẹ kẹ́ ẹ jókòó ti irú ọ̀rọ̀ yìí.

ỌmọIfẹ̀_KétuNilé · 6:14 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Àmọ́ ní Ifẹ̀, “onígbọ̀wọ́” là ń lò fún ẹni tó dúró fún gbèsè.

Onídùúró_Ọ̀rọ̀ · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó ń sanwó ètò lórí rédíò lónìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sọ fún ará ọjà pé ó ti di onígbọ̀wọ́, á rò pé wọ́n máa dárúkọ òun nínú ìkéde.

BàbáOkoKajú · 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o ti rí orí-ọ̀rọ̀ rẹ. “Onídùúró tí kò mọ̀wé.” Apá kìíní: bí wọ́n ṣe là á yé e. Apá kejì: ohun tó ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá là á yé e. Ìwọ ni kó o wá ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

ỌmọÀkàbà · Ọjọ́ Ẹtì, 9:26 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. A ti ṣe ìpàdé kejì, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni. A kò yan ààrẹ. Olùpè ìpàdé kan ló wà, oṣù mẹ́ta ló máa ṣe é, á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Akápò méjì ló ń fọwọ́ sí owó. 1,000 lóṣù. A gba àwọn tí kò tíì gboyè wọlé, a sì fún ẹ̀gbọ́n wa tó ní òun ò rí ìwúlò rẹ̀ ní iṣẹ́ kíkọ àdéhùn àwòkọ, ó sì gbà (ó ti kọ ojú ìwé mẹ́rin, ó ní òun ò tíì parí). Ọ̀rọ̀ fáìlì préfecture, a máa dúró di ìgbà tí a bá ti jọ ṣe ìjókòó mẹ́ta. Olóyè, ẹ má bínú, ènìyàn méjì péré ló dìbò fún àǹkárá.

Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dìde lọ́la, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí onídùúró. Bàbá, ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ń dé oko yín? A fẹ́ pè yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ lè gbọ́.

Olóyè_Wàndó · 9:31 alẹ́

Ènìyàn méjì? Ẹ dárúkọ wọn, màá ra aṣọ fún wọn.

BàbáOkoKajú · 9:58 alẹ́

Ó ń dé bí mo bá gun òkúta tó wà lẹ́yìn ilé. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fún un?

ỌmọÀkàbà · 10:02 alẹ́

Ọgbọ̀n, Bàbá.

BàbáOkoKajú · 10:05 alẹ́

Màá mú ṣíbí lọ́wọ́ gun òkúta.